Adájọ́ Tí Kò Jẹ́ Kí Ẹlòmíràn Sọ̀rọ̀

Ẹ jókòó dáadáa, nítorí ọ̀rọ̀ adájọ́ ni mo fẹ́ sọ, ọ̀rọ̀ adájọ́ yìí kì í sì í ṣe ohun tí ẹsẹ̀ ènìyàn lè fara dà lórí ìdúró. Anselmo Treviño lorúkọ mi. Ọdún mọ́kànlélógún ni mo fi ṣe ògbufọ̀ ní ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ ní San Ildefonso, ìlú wa tó wà létí odò ní Texas. Iṣẹ́ mi ni láti sọ èdè Gẹ̀ẹ́sì adájọ́ di èdè Sípéènì sí etí ẹni tí wọ́n ń dá lẹ́jọ́. N kò gbọdọ̀ fi kún un, n kò gbọdọ̀ yọ nínú rẹ̀. Bí adájọ́ bá sọ ìsọkúsọ, ìsọkúsọ náà gan-an ni mo gbọdọ̀ sọ, n kò sì gbọdọ̀ rẹ́rìn-ín. Ẹ lè rí i pé mo mọ Adájọ́ Cornelius Thaxton Burkhalter tinútòde. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó ti ẹnu rẹ̀ jáde fún ọdún mẹ́sàn-án ló gba ẹnu tèmi kọjá.

Ọkùnrin náà ga, irun rẹ̀ funfun bí òwú, ó sì mọ̀ pé ó funfun. Lọ́sẹ̀ tó kọ́kọ́ dé, ó ní àga adájọ́ ilé ẹjọ́ wa kò ga tó. Wọ́n pe káfíńtà, wọ́n fi àtẹ̀gùn méjì kún un. Láti ọjọ́ náà, ẹni tó bá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀ á gbé orí sókè bí ẹni tó ń wò ó bóyá òjò máa rọ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Dwight Pruett, akọ̀wé àgbà ilé ẹjọ́, ló ń kéde rẹ̀ láràárọ̀. Nígbà adájọ́ tó ṣáájú, ohun tó ń sọ kò ju "Gbogbo yín, ẹ dìde" lọ. Ní báyìí, ọwọ́ á kọ́kọ́ lọ sí àyà rẹ̀.

"Gbogbo yín, ẹ dìde fún Ọlọ́lá jù lọ, Adájọ́ Cornelius Thaxton Burkhalter, ẹni tí ààrẹ yàn, tí ilé aṣòfin àgbà fọwọ́ sí láìsí ẹni tó ta kò ó!"

Mo gbọ́ pé ènìyàn mẹ́rìnlélógójì ló ta kò ó. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ń gbé ní San Ildefonso.

Agbẹjọ́rò tó bá fẹ́ kí nǹkan rọ òun lọ́rùn ti mọ ohun tó máa kọ́kọ́ sọ. Á dìde, á tẹ orí ba.

"Olúwa mi, ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ṣì ń dún létí mi."

"Èwo nínú wọn?" ni adájọ́ á béèrè.

"Gbogbo rẹ̀ ni, Olúwa mi."

Adájọ́ á wá yíjú sí Lorna Teague, obìnrin tó máa ń jókòó sísàlẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ kékeré, tó ń tẹ gbogbo ohun tí wọ́n bá sọ nílé ẹjọ́ sílẹ̀. "Lorna, ṣé o tẹ ìyẹn?" Lorna á ní òun ti tẹ̀ ẹ́. Ìparí ọdún kọ̀ọ̀kan, adájọ́ máa ń kó ọ̀rọ̀ ìdájọ́ rẹ̀ jọ, á fi awọ dì wọ́n bí Bíbélì, á máa pín in fún àlejò. Mo ní mẹ́rin nílé. Ọ̀kan ń gbé ẹsẹ̀ tábìlì mi dúró.

Ohun tí ọkùnrin náà ń wá ni kí wọ́n gbé òun lọ sí ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn, níbi tí àwọn adájọ́ ti máa ń jókòó ní mẹ́ta-mẹ́ta. Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi kọ́ra. Tó bá fẹ́ jẹun ọ̀sán nínú yàrá rẹ̀, á gbé àga òfìfo kan sọ́tùn-ún, á gbé òmíràn sósì, á gbé ẹjọ́ kalẹ̀, á sì bi àwọn àga náà ní èrò wọn. Pruett, tó máa ń gbé kọfí wọlé, sọ fún mi pé kò tíì sí ìgbà tí àwọn àga náà ta kò ó.

Òfin kan wà tí ẹni tó kọ́ ìwé òfin fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré mọ̀. Kí adájọ́ tó rán ènìyàn lọ sẹ́wọ̀n, ó gbọ́dọ̀ kọjú sí ẹni náà fúnra rẹ̀, kó bi í pé, "Ṣé o ní ohun kan láti sọ?" Kò pọn dandan kí adájọ́ gba ohun tó bá sọ, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ. Nígbà tí Burkhalter ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ó máa ń béèrè. Bí ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ṣe wá ń gùn sí i ni ìbéèrè náà ń kúrú sí i, títí ó fi wọnú ọ̀rọ̀ náà lọ, tí a kò tún rí i mọ́. Kò sí agbẹjọ́rò tó dá a lẹ́kun. Ta ló fẹ́ dá ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń dún létí òun lẹ́kun?

Bí nǹkan ṣe rí nìyẹn nígbà tí wọ́n mú Eleuterio Banda wá.

Òrùlé ni Eleuterio ń kàn. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti lò ní San Ildefonso láìní ìwé ìgbélùú, kí ọlọ́pàá tó dá ọkọ̀ rẹ̀ dúró torí iná ẹ̀yìn tó kú, tí wọ́n fi lé e padà sí Mẹ́síkò. Ó gba iṣẹ́ òrùlé ní Saltillo, ó ń tẹ ìyàwó rẹ̀ láago lójoojúmọ́. Otilia ìyàwó rẹ̀ ní ìwé ìgbélùú, àmọ́ kíndìnrín rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ló ń lọ sí ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, nígbà tó ń ti ibẹ̀ bọ̀, ó ṣubú nínú bọ́ọ̀sì, èjìká rẹ̀ yẹ̀. Ọjọ́ mẹ́fà lẹ́yìn náà, Eleuterio ti sọdá odò. Fún ọjọ́ mọ́kànlá ló fi ọkọ̀ àbúrò rẹ̀ gbé Otilia lọ gbé e bọ̀. Ọjọ́ kejìlá, ó ń dúró dè é níwájú ilé ìwòsàn nígbà tí àwọn aṣọ́bodè kan gíláàsì ọkọ̀ náà.

Kò jiyàn. Ó ní òun jẹ̀bi ẹ̀sùn pé òun padà wọlé lẹ́yìn tí wọ́n ti lé òun. Nítorí pé kò tíì dá ọ̀ràn mìíràn rí, ìwé ìlànà tí àwọn adájọ́ ń tẹ̀ lé ní kí wọ́n fún un ní ẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù mẹ́fà lọ. Ibi tí òfin fúnra rẹ̀ parí sí ni ọdún méjì.

Ọjọ́ ìdájọ́ rẹ̀ wá bọ́ sí ọjọ́ burúkú. Àwọn ẹni ńlá mẹ́ta ti Washington dé láti wá wo Adájọ́ Burkhalter bóyá ó yẹ ní gbígbé sókè. Wọ́n jókòó síwájú. Adájọ́ wọlé pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, Pruett kéde rẹ̀ títí ohùn fi há a, ọ̀rọ̀ sì bẹ̀rẹ̀.

"Kí ni ilẹ̀kùn?" ni adájọ́ béèrè.

Mo sọ ọ́ sétí Eleuterio: "Kí ni ilẹ̀kùn?"

Eleuterio wò mí. Kíkan òrùlé ni iṣẹ́ rẹ̀, ó mọ ohun tí ilẹ̀kùn jẹ́, ó fẹ́ dáhùn. Àmọ́ adájọ́ ti kọjá síwájú.

"Ilẹ̀kùn kì í ṣe ògiri! Ilẹ̀kùn kì í sì í ṣe fèrèsé! Ẹni tó gba ojú fèrèsé wọlé ti tàbùkù sí ilẹ̀kùn, ẹni tó sì tàbùkù sí ilẹ̀kùn ti tàbùkù sí káfíńtà tó kàn án, sí igi tí wọ́n gé, sí ilẹ̀ tí igi náà ti hù!"

Ó ti ibẹ̀ bọ́ sọ́dọ̀ àwọn ará Gíríìsì àtijọ́. Ó sọ̀rọ̀ bàbá bàbá rẹ̀ tó fi ẹsẹ̀ rìn láti Georgia, àti ìlànà ìgbé ayé tí bàbá náà fi sílẹ̀, tó jẹ́ mẹ́rìnlá. Ó ka mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá. Mo mu omi ìgò méjì. Nígbà tó pé wákàtí kan, Eleuterio fi ẹnu sún mọ́ etí mi.

"Don Anselmo, ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ọ̀rọ̀ tèmi ló ṣì ń sọ?"

Òfin iṣẹ́ mi kò gbà mí láyè láti dá a lóhùn. Ká ní ó gbà mí láyè pàápàá, n kò mọ̀ ọ́n.

Nígbà tó kù díẹ̀ kó pé wákàtí méjì, tí ọ̀kan nínú àwọn ẹni ńlá náà ti sùn, adájọ́ dánu dúró láti mu omi. Eleuterio rò pé ó ti kan òun. Ó dìde.

"Olúwa mi, ẹ jọ̀ọ́, ìyàwó mi…"

"Má já lu ọ̀rọ̀ mi!" ni adájọ́ wí.

Graciela Urdiales, agbẹjọ́rò rẹ̀, tí ìjọba yàn fún un, dìde kíá. Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni, ara tín-ín-rín, ohùn rẹ̀ kò sì ga. "Olúwa mi, oníbàárà mi lẹ́tọ̀ọ́ lábẹ́ òfin láti sọ̀rọ̀ kí ẹ tó dájọ́. Mo ta ko bí ẹ kò ṣe jẹ́ kó sọ̀rọ̀."

"Ilé ẹjọ́ yìí ti gbọ́ ohun tó tó o."

Òótọ́ ni. Ohùn kan ṣoṣo ló gbọ́, ó sì gbọ́ ọ tó. Ó fún Eleuterio ní ọdún méjì gbáko. Pruett mi orí ní àmì ìdánudúró kọ̀ọ̀kan.

Nígbà tí Graciela lọ sọ fún Otilia, èmi ni mo wa ọkọ̀ lọ, nítorí Sípéènì Graciela jẹ́ ti ilé ìwé. Otilia wà lórí àga nídìí ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀, rọ́bà lápá.

"Ọdún méjì?" ni Otilia wí. "Dókítà kò ṣèlérí ọdún méjì fún mi. Ta ni adájọ́ yẹn bi kó tó ṣèlérí ẹ̀?"

"Ìyá, a máa pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn."

"Àwọn wo ló máa gbọ́ ọ? Àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ ni àbí?"

"Adájọ́ mẹ́ta ni. Wọn kò mọ̀ ọ́n rí. Ìwé ohun tí wọ́n sọ lọ́jọ́ náà nìkan ni wọ́n máa kà."

Otilia rẹ́rìn-ín, rẹ́rìn-ín débi pé nọ́ọ̀sì wá wo ẹ̀rọ. "Ọlọ́run ṣàánú wọn."

Ẹ̀rù ba Eleuterio fúnra rẹ̀. Láti ọgbà ẹ̀wọ̀n tó jìnnà sí wa ní wákàtí mẹ́fà ló ti ní kí Graciela jáwọ́. "Bí wọ́n bá dá mi padà síwájú ọkùnrin yẹn ńkọ́? Ṣe ló máa bínú. Mo lè fara da ọdún méjì. Mi ò lè fara da ilẹ̀kùn yẹn mọ́." Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Graciela fi bẹ̀ ẹ́ kí Eleuterio tó gbà.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí Burkhalter ṣe. Adájọ́ mìíràn tí wọ́n bá pe ẹjọ́ tako ìdájọ́ rẹ̀ á dákẹ́. Tiwa yọ̀. Èrò rẹ̀ ni pé ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn, ibi tó fẹ́ lọ gan-an, máa ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ látòkèdélẹ̀. Ó pe Lorna.

"Má ṣe yọ ohunkóhun kúrò. Àní bí mo bá wúkọ́, tẹ ikọ́ náà."

Lorna bi í pé, "Olúwa mi, ibi tí ọkùnrin yẹn ti fẹ́ sọ̀rọ̀, tí ẹ ní kó má já lu ọ̀rọ̀ yín ńkọ́? Ṣé kó wà níbẹ̀?"

"Ibẹ̀ gan-an! Kí wọ́n rí bí mo ṣe ń ṣàkóso ilé ẹjọ́ mi."

Lorna tẹ̀ ẹ́. Ó jẹ́ ojú ìwé mọ́kànléláàádọ́rin. Adájọ́ fi awọ di mẹ́ta, ó fi orúkọ rẹ̀ sára wọn pẹ̀lú wúrà, ó sì fi wọ́n ránṣẹ́ sí adájọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó máa gbọ́ ẹjọ́ náà, ọ̀kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ìkíni.

Oṣù mọ́kànlá kọjá. Eleuterio ń fọ abọ́ nínú ẹ̀wọ̀n. Wọ́n gbé Otilia wọ ilé ìwòsàn ńlá lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sì gbé e jáde.

Ọjọ́ tí ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn pè wọ́n, Burkhalter wọkọ̀ òfúrufú lọ síbẹ̀. Adájọ́ kì í lọ wo ẹjọ́ tí wọ́n pè ta ko ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní òun fẹ́ gbọ́ bí wọ́n ṣe máa ka ọ̀rọ̀ òun. Ó jókòó sí ìlà àkọ́kọ́. Ẹnu Graciela ni mo ti gbọ́ ìyókù, Graciela kì í sì í bù mọ́ ọ̀rọ̀.

Obìnrin arúgbó kan tó wọ gíláàsì nípọn ló jẹ́ olórí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó jẹ́ kí Graciela sọ̀rọ̀ tirẹ̀ tán. Ó wá kọjú sí agbẹjọ́rò ìjọba.

"Mo ti ka ìwé yìí tán. Ó gbà mí ní ọjọ́ méjì. Ẹ bá mi wá ojú ìwé tí adájọ́ ti bi ọkùnrin yìí bóyá ó ní ọ̀rọ̀ láti sọ."

Agbẹjọ́rò ìjọba ṣí ìwé. Ó ṣí i síwájú, ó ṣí i sẹ́yìn. "Olúwa mi, bóyá ojú ìwé kẹrìndínláàádọ́rin."

"Ibẹ̀ ló ti bi Ọ̀gbẹ́ni Pruett bóyá omi ṣì wà."

"Ẹ forí jì mí. Ojú ìwé kejìlá ńkọ́? Ó béèrè ìbéèrè kan níbẹ̀."

"'Kí ni ilẹ̀kùn?'" ni arúgbó náà kà. "Ó dá ara rẹ̀ lóhùn."

Burkhalter kò lè mú un mọ́ra. Ó dìde láàárín àwọn òǹwòran. "Bí ilé ẹjọ́ ọlọ́lá yìí bá lè fún mi láyè, ìtumọ̀ gbólóhùn yẹn…"

"Ta nìyí?"

"Èmi ni Ọlọ́lá, Adájọ́ Cornelius Thaxton Burkhalter, ẹni tí ààrẹ yàn, tí…"

"Ẹ jókòó, sà. Ẹjọ́ ẹlẹ́jọ́ là ń gbọ́."

Graciela ní kò jókòó lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ní ó dà bí ẹni pé kò sẹ́ni tó tíì sọ gbólóhùn yẹn fún un rí, tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ẹ̀ṣọ́ kan ló fi ọwọ́ rọra tẹ èjìká rẹ̀ wálẹ̀.

Ìdájọ́ jáde ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Kò ju ojú ìwé mẹ́rin lọ. Wọ́n fagi lé ọdún méjì náà. Wọ́n ní kí adájọ́ mìíràn tún un dá. Ní ìsàlẹ̀ ojú ìwé kẹrin, wọ́n fi lẹ́tà kékeré kọ ọ́ pé àwọn dúpẹ́ fún àwọn ìwé aláwọ náà, àwọn sì ń dá wọn padà.

Bí ìròyìn ṣe dé San Ildefonso, gbogbo agbẹjọ́rò ìlú lọ gbé ẹ̀bùn aláwọ tiwọn kúrò ní àpótí. Ìgbà yẹn ni wọ́n wá kà á. Kó tó pé oṣù kan, ènìyàn mọ́kàndínlógún ti pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn. Agbẹjọ́rò tí ọ̀rọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ń dún létí rẹ̀ ní etí òun ọ̀hún kò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́rọ̀ láti kékeré. Pruett dẹ́kun orí mímì. Ó ní ọrùn ń dun òun. Nígbà tó yá, ó ní òun ti ń ṣàkíyèsí ọ̀rọ̀ náà tipẹ́, pé ọ̀wọ̀ ni kò jẹ́ kí òun sọ ọ́.

Àwọn ẹni Washington kò kọ̀wé mọ́. Àwọn àgbà adájọ́ gba gbogbo ẹjọ́ ọ̀daràn lọ́wọ́ Burkhalter, wọ́n gbé ẹjọ́ omi oko àti ààlà ilẹ̀ fún un, irú èyí tí wọ́n máa ń fi ìwé nìkan ṣe, tí ẹnikẹ́ni kì í wá síwájú adájọ́. Ó ń ka ìdájọ́ omi oko sókè fún ara rẹ̀ nínú yàrá. Obìnrin tó ń gbálẹ̀ níbẹ̀ bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n gbé òun lọ sí àjà mìíràn. Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, Burkhalter kọ ìwé pé òun fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ìwé náà jẹ́ ojú ewé mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Èsì tí wọ́n fún un ni: "A ti rí i gbà."

Ẹjọ́ Eleuterio kò dúró de gbogbo ìyẹn. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún lẹ́yìn ìdájọ́ kòtẹ́milọ́rùn, wọ́n gbé e padà wá síwájú Adájọ́ Judith Lindqvist, obìnrin kan tó wá láti àríwá, tí ọ̀fìnkìn ń bá jà. Ó fun imú, ó ka ìwé iwájú rẹ̀, ó gbé ojú sókè.

"Ọ̀gbẹ́ni Banda, ṣé ẹ ní ohun kan láti sọ fún mi?"

Mo sọ ọ́ di Sípéènì. Eleuterio wò mí, ó wo Graciela. Mo rò pé kò gbọ́, mo tún un sọ.

"Mo gbọ́," ni ó wí. Ó dìde. "Ìyá, mo mọ̀ pé wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ padà wá. Mi ò ní sọ pé mi ò mọ̀. Orí òrùlé ni mo wà nígbà tí wọ́n tẹ̀ mí láago pé ó ṣubú. Mo sọ̀ kalẹ̀. Mi ò rántí òfin, bọ́ọ̀sì tí mo máa wọ̀ ni mo ń rò. Ẹ lè bi mí bóyá mo tún máa ṣe é. Mi ò fẹ́ parọ́ fún yín, mi ò mọ̀. Àmọ́ ìyàwó mi ti ní òun máa wá bá mi lódìkejì. Àbúrò rẹ̀ ti bá a wá ilé ìwòsàn tó ní ẹ̀rọ yẹn níbẹ̀. Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ ni kí n débẹ̀ kó tó pẹ́ jù. Ó tán."

Ohùn mi gbọ̀n díẹ̀ ní gbólóhùn tó kẹ́yìn. Ọdún mọ́kànlélógún, n kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí.

"Ṣé ó ti sọ tán?" ni adájọ́ bi mí.

"Ó ti sọ tán, Olúwa mi."

Ó fún un ní oṣù mẹ́fà. Ó ti lo oṣù mẹ́rìnlá. Gbogbo rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú mọ́kànlá lọ. Nígbà tí Graciela jókòó, ó gbàgbé láti kó ìwé rẹ̀, ó kàn ń wo ọwọ́ ara rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n mú Eleuterio dé orí afárá tó sọdá odò sí Mẹ́síkò. Mo ti fẹ̀yìn tì lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, mo sì bá Otilia gbé ẹrù rẹ̀ sọdá láàárọ̀. Ó jókòó sórí àga ike lódìkejì, ó fi ṣálì bo èjìká tó yẹ̀. Ó rí ọkọ rẹ̀ tó ń bọ̀ lójú ọ̀nà àwọn ẹlẹ́sẹ̀, pẹ̀lú àpò ike kan. Kò dìde.

"Ṣé o ti jẹun?"

"Ebi kò pa mí."

"Mi ò bi ẹ́ bóyá ebi ń pa ẹ́. Wo bí ọrùn rẹ ṣe rí." Ó na ọwọ́ sí i kó fà á dìde. Nígbà tó dìde tán, kò jọ̀wọ́ ọwọ́ náà.

Ọjọ́ ẹ̀rọ rẹ̀ ni. Ibẹ̀ la ti gba ilé ìwòsàn lọ tààrà. Nọ́ọ̀sì kan so rọ́bà mọ́ Otilia lápá, ó wo Eleuterio tó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga.

"Bàbá, wákàtí mẹ́rin ni o. Àwọn ẹbí kì í sábà lè jókòó tó bẹ́ẹ̀. Kọfí wà níta."

"Ẹ má ṣèyọnu," ni Eleuterio wí, ó sì fa àga kan súnmọ́ ìyàwó rẹ̀. "Mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó."